Ẹrù Àbúrò Mi Ni Mo Ń Dì

Ajé, 3 Ẹrẹ̀nà

Kékeré àbúrò mi wá lónìí. Kò tíì jókòó tó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbà á!" Gbogbo ilé ìgbẹ̀bí tó wà lábẹ́ Mátírọ́ọ̀nù ọ̀gá wọn, méjìlélógójì, ló fẹ́ máa lo ètò kọ̀ǹpútà tó kọ. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláboyún sí yóò di ohun àtijọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù Èbìbí, tí gbogbo agbẹ̀bí máa pé jọ, ni wọ́n fẹ́ kí a kó o fún wọn.

"Ìṣòro kan ló kù," ó ní. "Orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń darí tiwọn ò rí bákan náà. Àwọn kan ní Wíńdóòsì, àwọn kan ní Máàkì, àwọn kan ní ògbólógbòó tó jẹ́ pé Línọ́ọ̀sì nìkan ló lè gbé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í, tí ẹni tí ò mọ nǹkan kan á fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí á ṣí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Èmi ni mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é kí ilé iṣẹ́ wa tó kógbá sílé. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ètò, lórí tábìlì kíṣìnnì mi, nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo rò pé ó ń fi ṣeré ni.

Mo ní, "Kò burú. Màá bá ọ dì í."

Ó dì mọ́ mi. Ọṣẹ ilé ìwòsàn ń rùn lára rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun pàdánù mi. Mo ní àmín. Nígbà tó lọ, mo fọ ife tó fi mu omi, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e, mo tún un fọ̀.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ̀nà

Mo ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ká sọ òtítọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń ka ìwé yìí: mo ti gbà á ládùúrà pé kó jẹ́ jákujàku.

Kì í ṣe jákujàku. Bí ó bá ti ṣí, orúkọ obìnrin ló máa kọ́kọ́ jáde, ọ̀sẹ̀ tó kù kó bímọ, àti àmì pupa kan bí ewu bá wà lára rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì kan tó pọ̀ jù. Ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó mọ ohun tí ojú ń wá nígbà tí ọwọ́ ò ráyè, ló kọ ọ́. Ká ní èmi ni mo kọ ọ́ ni, bọ́tìnnì ì bá ti bò ó bí eèrà.

Ọkọ mi béèrè pé ṣé ó dára. Mo ní ó gbìyànjú.

"Ẹnu ẹ ń sọ pé ó gbìyànjú," ó ní, "ojú ẹ ń sọ nǹkan mìíràn."

Mo ní kó lọ wo omi tó ń hó lórí iná.

Ẹtì, 7 Ẹrẹ̀nà

Òjò láti àárọ̀. Mo ti di ètò ti Wíńdóòsì. Ó kọ́kọ́ wúwo bí ẹrù arìnrìn-àjò tí kò mọ ohun tó máa lò. Mo tú u, mo yọ ìdajì dànù, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ̀nà

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni lónìí. Bí ètò kò bá ní òǹtẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi í sórí ẹ̀rọ pé, "A ò mọ ẹni tó ṣe èyí o, ṣọ́ra." Agbẹ̀bí wo ló máa rí irú ìyẹn tí kò ní sá? A gbọ́dọ̀ ra ọ̀kan fún Wíńdóòsì, ọ̀kan fún Máàkì. Ó wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Kékeré san án láìjanpata.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ ẹni tó ṣe ètò. Orúkọ yẹn ni gbogbo ayé máa rí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó ti àlàfo yẹn títí tíì mi fi tutù. Mo pè é.

"Orúkọ ta ni ká fi sí i?"

"Tèmi kẹ̀, àbí?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ni bàtà tó wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá ìbímọ. Ó ní òun ń bọ̀, ó pa fóònù.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo ibi tó yẹ.

Mo ti ń bi ara mi pé ìlara ni tàbí owú. Ohun ẹlòmíràn là ń ṣe ìlara sí. Ohun tẹni là ń jowú lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo ni ín, bíi pé ó wọ yàrá mi, ó mú aṣọ mi wọ̀, aṣọ náà sì wá bá a mu jù mí lọ.

Ẹtì, 14 Ẹrẹ̀nà

Línọ́ọ̀sì kọ̀. Ètò náà ń ṣí, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ orúkọ aláboyún tí mo ní kó pa á mọ́, ó ní òun ò ṣe. Mo wá ìdí rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ títí oòrùn fi kan orí. Mo rí i.

Inú fódà kan náà tí ètò fúnra rẹ̀ ń gbé ni Kékeré ń kó àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin sí. Línọ́ọ̀sì ò gba irú rẹ̀ láàyè. Bí mo ṣe di ti Wíńdóòsì, òun gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ètò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí Wíńdóòsì, ohun tí mo dì yẹn á kọ́kọ́ gbá fódà náà mọ́ féfé kó tó gbé tuntun wọlé. Àti obìnrin àti pàǹtírí, ó máa gbá gbogbo wọn lọ.

Ìlà mẹ́rin péré ló gbà mí láti gbé àkọsílẹ̀ ti Línọ́ọ̀sì lọ síbi tí ìgbálẹ̀ kò ní dé. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti Wíńdóòsì àti ti Máàkì, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo pe Kékeré. Ó wà lórí ìpè mìíràn. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ ká aṣọ lórí okùn.

Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ̀nà

Mi ò tíì sọ fún un. Àṣìṣe tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní kí n di ẹrù, wọn ò ní kí n yẹ inú ẹrù wò. Kò sì séwu rárá títí wọ́n á fi fi tuntun rọ́pò, ìyẹn ṣì jìnnà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó báyìí, kó mọ ìyẹn náà.

Mo ka ohun tí mo kọ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kò dùn ún kà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ̀nà

A gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí méjì láti fi dán an wò. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, kọ̀ǹpútà wọn ti darúgbó, Línọ́ọ̀sì ló wà lórí rẹ̀. Èkejì wà lórí òkè, àtẹ̀gùn mọ́kàndínláàádọ́rin, mo kà á. Agbẹ̀bí Òkè ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá tó ni ibẹ̀. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Wíńdóòsì ni tirẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Ó kọ orúkọ aláboyún kan sí i. Ó pa á, ó tún ṣí i, orúkọ ṣì wà níbẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà," Kékeré dáhùn.

"Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níbí? Ìwọ tí òòyì ń kọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀?" Ó fà á mọ́ra. Ó wá rántí mi. "Àwọn yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Àwọn ló ń bá mi dì í."

"Háà! Ẹ kú ẹrù dídì o!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eyín mi ló rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 30 Ẹrẹ̀nà

Ilé Màmá. Ìwé ìròyìn ti gbé àwòrán Kékeré, agbẹ̀bí tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Màmá gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ òun lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ méjìdínlógún. Mo fi í ránṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, Màmá ń pe ohun tí màá kọ sí i: "Ọmọ mi rèé o."

Ó rí ojú mi. Màmá ni, kò sí ohun tí kì í rí.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe é, mo mọ̀," ó ní. "Ó kàn yà mí lẹ́nu ni. Ìwọ la ti mọ̀ lọ́lọ́gbọ́n láti ilẹ̀."

Ó fi tù mí nínú ni o. Ó lọ bu oúnjẹ.

Nídìí oúnjẹ, Kékeré ní Agbẹ̀bí Òkè ti kó ìwé ńlá rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí wọn ò ti kọ nǹkan sórí ìwé mọ́. "Wọ́n ní àwọn gba ètò mi gbọ́ ju bírò lọ."

Mo gbọ́ ọ kedere. Mo bu omi mu.

Ajé, 7 Igbe

Wọ́n fẹ́ tuntun. Agbẹ̀bí Òkè ní kí lẹ́tà tóbi sí i nítorí ojú rẹ̀, Kékeré sì ti tún un kọ. Tèmi ni kí n dì í, kí n fi ránṣẹ́, kí ilé méjèèjì fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Mo ṣí i láti tún ibi yẹn ṣe. Mo fẹ́ kọ eléyìí sílẹ̀: mo ṣí i. Ìlà mẹ́rin yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo kàn fẹ́ gbé e kọjá síbi ti Wíńdóòsì ni. Bẹ́ẹ̀ ni Kékeré pè. Mátírọ́ọ̀nù ti ní kó wá bá gbogbo agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, wákàtí kan gbáko, lórí bó ṣe rò ó, bó ṣe kọ ọ́.

Mo ní, "Ṣé kí n múra tèmi náà? Bí a ṣe dì í?"

"Áà, Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn kò ní yé wọn. Kó kàn ṣí ni tiwọn." Ó rẹ́rìn-ín. Kò ní ibi kankan nínú.

Mo pa ìlà mẹ́rin náà rẹ́ kúrò lára ti Wíńdóòsì. Mo dì í bó ṣe wà. Mo lu òǹtẹ̀ rẹ̀, orúkọ Kékeré, gàdàgbà. Mo fi ránṣẹ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìṣẹ́gun, 8 Igbe

Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ni Kékeré pè. Ohùn rẹ̀ ti kéré bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ti Agbẹ̀bí Òkè ti ṣófo. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀."

Àwọn obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ọjọ́rú, 9 Igbe

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ mi. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́, nítorí ohun tí a pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi jókòó lé e lórí. Mo ń wa ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá òrùka nínú iyanrìn. Títí di ìrọ̀lẹ́ mo ti rí mọ́kànléláàádọ́ta. Méjìlá kò sí. Díẹ̀ jẹ́ ìlàjì orúkọ, díẹ̀ jẹ́ ọjọ́ láìsí orúkọ.

Agbẹ̀bí Òkè kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.

Mátírọ́ọ̀nù wá fúnra rẹ̀. Ó bi Kékeré pé, "Ṣé irú èyí lo fẹ́ pín fún ilé méjìlélógójì?" Kékeré dúró, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ ilé ìwé. Mo ti ń retí ọjọ́ tí màá rí i báyìí. Mo rò pé á dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà parọ́ ẹ̀ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù lọ, Kékeré béèrè lọ́wọ́ mi, "Ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹ̀bá ibùdókọ̀ kò bàjẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni mo kọ. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ọ̀nà tí Línọ́ọ̀sì ń gbà ṣe nǹkan yàtọ̀. Bóyá orí ló yọ wọ́n."

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 Igbe



A tún lọ sórí òkè láàárọ̀. Èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà, Kékeré ń pe àwọn tó lè rí nínú méjìlá náà, Agbẹ̀bí Òkè ti lọ wá àwọn tí kò ní fóònù nílé wọn. Obìnrin kan wọlé, ó ń rọbí. Nọ́ọ̀sì tuntun ló gbà á. Ó wá orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò rí i. Ìrora kò jẹ́ kí obìnrin náà lè sọ ohun kan tó nítumọ̀. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ láyọ̀, ọkùnrin, ó ké. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Kékeré ju fóònù sílẹ̀, ó sáré wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, kò ga, kò mì: mú èyí wá, di ibí mú, pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé aṣọ ìnura dání, kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e wá.

Wọ́n gbé obìnrin náà lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n pè láti ilé ìwòsàn ńlá: ó máa yè.

Kékeré jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Agbẹ̀bí Òkè ti dé, òun ló sọ fún un: ẹ̀jẹ̀ ti dà lára obìnrin yẹn nígbà àkọ́bí rẹ̀. Àmì pupa wà níwájú orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú méjìlá náà ni.

"Nítorí irú wọn ni mo ṣe kọ ọ́," Kékeré ní. "Kí ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ lè rí i kíákíá. Àìmọ̀kan mi ló fẹ́ pa á, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ṣe mọ́. Màá sọ fún Mátírọ́ọ̀nù lọ́la pé mi ò ṣe mọ́."

Ká ní mo dákẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ètò á kú, a máa padà sí bí a ṣe wà, èmi ọlọ́gbọ́n, òun àbúrò. Mo rí i bó ṣe máa rí, ó tẹ́jú níwájú mi bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Mo ní, "Kì í ṣe àìmọ̀kan tìrẹ. Mo ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Pé ó máa gbá wọn lọ. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá."

Ó wò mí. "Kí a tó gbé e wá síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún ti ibùdókọ̀ ṣe. Ìdí tí kò fi bàjẹ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá fi tibí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

Mo ti kó àlàyé jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, mo gbàgbé, mo pè ọ́ o ò gbé e. Gbogbo wọn sá. Mo ní, "Owú ni."

Ó dìde. "Ìwọ," ó ní. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "O jókòó, ò ń wò mí. Mo ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, ò ń wò mí."

Ó lọ fọ apá rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ń dà, ó ń dà, kò pa á. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mi ò kà á.

Ẹtì, 11 Igbe

Kò gbé fóònù.

Àbámẹ́ta, 12 Igbe

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé o sọ fún un fúnra ẹ, àbí ó ká ẹ mọ́?"

"Mo sọ fún un."

"Ìyẹn nìkan ni mo rí dì mú lára ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. Kò jẹun tán.

Ajé, 14 Igbe

Kékeré wá. Kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, báàgì rẹ̀ léjìká.

"Obìnrin yẹn ti délé," ó ní. "Òun àti ọmọ."

Mo ní a dúpẹ́.

"Má dúpẹ́ níwájú mi." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Agbẹ̀bí Òkè ni kò gbà. Wọ́n ní bí mo bá fi sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tó bá tún dá wà lẹ́nu iṣẹ́ ò ní rí àmì pupa kankan, ìwé ńlá ò ní àmì pupa. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè dì í. Nítorí náà wàá parí ẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ kúrò nínú fódà yẹn lórí gbogbo ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ètò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ lójoojúmọ́. Kí nǹkan kan má sì jáde mọ́ tí a ò kọ́kọ́ fi ọgọ́rùn-ún orúkọ sí, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ká kà wọ́n."

"Mo gbọ́."

"Lọ́jọ́ ìpàdé, wàá dìde, wàá sọ fún wọn. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Kó yé ọ." Ó lọ. Kò fi agbára ti ilẹ̀kùn. Ó rọra pa á dé ni.

Ọjọ́bọ̀, 17 Igbe

Atẹ́gùn ńlá, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Máàkì ní òun ò gba òǹtẹ̀ wa. Kò sọ ìdí kan pàtó.

Àbámẹ́ta, 19 Igbe

Máàkì tún kọ̀ ọ́. Mo tú ẹrù náà palẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kékeré kan ló sá pamọ́ sísàlẹ̀ láìlóǹtẹ̀. Mo lù ú fún un. Máàkì gbà á kí n tó mu tíì mi tán. Mo fò sókè nínú yàrá, èmi nìkan, mo wá rántí pé kò sí ẹni tí mo lè pè.

Ọjọ́rú, 23 Igbe

Ọjọ́ ìdánwò. Kékeré gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá: Wíńdóòsì tirẹ̀, Máàkì tó yá lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù, ògbólógbòó ibùdókọ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó kí mi bí ẹni kí akọ̀wé báǹkì.

A pín orúkọ láàárín ara wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọgọ́rùn-ún aláboyún tí a fi ọwọ́ ara wa dá. Nígbà tó yá, mo wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀ láti mọ ibi tó dé. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógójì: *Ẹ̀gbọ́n Burúkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá.* Ó fi àmì pupa sí i.

Mo gbé ojú kúrò. Mo ń bá tèmi lọ.

Ní agogo méjì a fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbálẹ̀ gbá, tuntun wọlé, a ṣí i. Kékeré ń fi ìka kà wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ọgọ́rùn-ún lórí Wíńdóòsì. Ọgọ́rùn-ún lórí Máàkì. Ọgọ́rùn-ún lórí ògbólógbòó. Ẹ̀gbọ́n Burúkú wà níbẹ̀ digbí, àti àmì pupa rẹ̀.

"Kò sọnù," Kékeré ní.

"Kò sọnù," mo ní.

Igun ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀. Kó tó di ẹ̀rín, ó ti dìde, ó ń ká wáyà. Ṣùgbọ́n ó gba búrẹ́dì tí mo bu fún un, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ẹtì, 2 Èbìbí

Ọ̀la ni. Mo kọ ohun tí màá sọ sórí ìwé, ó kún ojú ewé méjì. Mo kà á fún ọkọ mi. Ó ní, "Àlàyé ló pọ̀ jù níbẹ̀." Mo gé e kù sí ìlà márùn-ún. Màmá pè pé aṣọ wo ni mo fẹ́ wọ̀, òun náà ń bọ̀. Mo ní kó má wá. Ó ní òun ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 3 Èbìbí

Gbọ̀ngàn náà kún. Agbẹ̀bí tó lé ní ọgọ́rin, kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi lórí itan wọn. Màmá jókòó sí ìlà iwájú, àpamọ́wọ́ rẹ̀ lórí itan.

Wọ́n pè mí ṣáájú Kékeré. Mo sọ ìlà márùn-ún mi. Mo sọ pé àkọsílẹ̀ obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́ta parẹ́ lórí òkè, pé mo ti mọ̀ pé yóò parẹ́, pé mo dákẹ́ nítorí mò ń jowú àbúrò mi, pé obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ ọ́. Mi ò lè wo apá ibi tí Màmá wà.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Ẹni tó ṣe irú èyí, òun la tún ní ká gbà gbọ́?"

Mátírọ́ọ̀nù wo èmi, ó wo Kékeré. Kékeré ti dìde.

"Ẹ má gbà wọ́n gbọ́," ó ní. "Ẹ má gba èmi náà gbọ́. Ẹ wá kà á fúnra yín." Ó pe obìnrin náà síwájú, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́, ó ní kó kọ orúkọ tó bá wù ú sí i, kó fi tuntun rọ́pò, kó ṣí i. Obìnrin náà kọ ogún. Ó kà wọ́n síta, ohùn rẹ̀ ń dún ní gbogbo gbọ̀ngàn, títí tó fi dé ogún. Ó tún un kà. Ó ní, "Wọ́n pé."

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mò ń ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tí tirẹ̀ ò ṣí, ẹni tó tẹ ibi tí kò yẹ, ẹni tí Máàkì rẹ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn kan kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tiwọn. Mo kàn ń sọ fún wọn láti òkèèrè ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Agbẹ̀bí Òkè jẹ́ kí n fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ráyè jókòó. Ìwé ńlá rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní méjèèjì lòun á máa lò títí ọdún yóò fi yí.

Nígbà tó di agogo mẹ́ta, ogójì ilé ti ṣí i. Kékeré wá sọ ọ̀rọ̀ wákàtí kan rẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ bó ṣe rò ó, bó ṣe kọ ọ́, ó sọ ti tábìlì kíṣìnnì àti ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Màmá ń nu ojú.

Owú náà tún gún mi níhà, bí abẹ́rẹ́. Mo ti rò pé lẹ́yìn gbogbo èyí á ti kú. Kò kú. Mo dìde pẹ̀lú rẹ̀ níhà mi, mo pàtẹ́wọ́ fún àbúrò mi títí ọwọ́ fi ń ta mí.